Ilé Ẹ̀yìn Tàbí Ilẹ̀ Ẹ̀yìn? Ohun Tí Òwò Ilé Kọ́ Wa Láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà



Bí ènìyàn bá sọ pé Yorùbá ni òun ń kà ní yunifásítì, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e kò ṣòro mọ̀: "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Bàbá ọ̀kan nínú wa kò tíì dákẹ́ lórí rẹ̀ láti ọdún tí a ti wọlé. A kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ní ìdí òwò ilé àti ilẹ̀, níbi tí a kò ti retí pé èdè ní iṣẹ́ kan pàtó láti ṣe, a rí i bí àmì ohùn kan àti àmì ìsàlẹ̀ kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹbí kan ká. A sì rí ọkùnrin kan tó ń ṣe òwò náà, a rí bí ó ṣe ń darí ènìyàn àti bí ó ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ń tà lórí bí a ṣe ń di ọ̀gá, a kò tíì rí èyí tó ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mẹ́rin ni wá. Méjì nínú wa ń gbé ní Ìkàrẹ́, méjì ń gbé ní Ìwárò Ọ̀kà. Àkùngbá tí ilé-ẹ̀kọ́ wa wà bọ́ sí àárín ìlú méjèèjì, ẹni tí kò bá rí yàrá níbẹ̀ á gba ọ̀tún tàbí òsì lọ. Nǹkan bí ọdún 2000 ni yunifásítì náà dé Àkùngbá. Ní 2004 ni wọ́n fi orúkọ Olóyè Adékúnlé Ajásin pè é, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn àgbà máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rántí bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò ya yàrá níbi tí oníkálùkù ti ní ilé bàbá tirẹ̀? Lónìí, ẹni tó ní yàrá mẹ́fà lẹ́bàá títì ti di onílé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kúnlẹ̀ kí.

Iṣẹ́ ajẹ́ńtì la fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, a máa ń bá àwọn ọmọ tuntun wá yàrá, wọ́n á fún wa ní ohun tí agbára wọn bá ká. Ẹ mọ bí àwọn ajẹ́ńtì ṣe ń ṣe é: owó fọ́ọ̀mù, owó ìyẹ̀wòlé, owó ajẹ́ńtì, owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọ́ṣọ̀n, kí ọmọlọ́mọ tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni "kò jìnnà sí géètì." Àwa kì í sọ ọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ ńlá kan tí bíréèkì rẹ̀ já ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Láti ìgbà náà, òbí mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí o bá ní ilé kò jìnnà sí géètì, á ní kí o wá èyí tó jìnnà. Nítorí náà àléébù ilé la kọ́kọ́ máa ń sọ: omi kò sí nínú ilé, kànga ló wà, bí òjò bá rọ̀, òkè yẹn á máa yọ̀, onílé kò fẹ́ ariwo lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Àwọn kan á gbọ́, wọ́n á yí padà. Àwọn tó bá dúró, ọdún kejì wọ́n á mú àbúrò wọn wá.

Iṣẹ́ ajẹ́ńtì kéré sí ohun tí a fẹ́ sọ ṣá. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìwárò.

Ilé tí àwa méjì ń gbé ní Ìwárò Ọ̀kà, ilé ẹbí ni. Ilé méjì ló wà nínú ọgbà kan. Ilé iwájú ni wọ́n fi ń gba ayálégbé. Ilé ẹ̀yìn jẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, ibẹ̀ ni Màmá tó ni wá ń sùn. Lẹ́yìn ilé ẹ̀yìn, ilẹ̀ wà tó tó pùlọ́ọ̀tì méjì ààbọ̀: kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ọsàn kan, títí dé ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin Màmá tó wà ní Èkó ló ń bójú tó owó ilé.

Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin yìí fi àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ránṣẹ́ sí fóònù tí ọmọ-ọmọ Màmá máa ń lò. Bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí, láìsí àmì kankan, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: "E ba mi so fun Mama pe a ti pinnu lati ta ile eyin yen. Onibara ti san asansile."

Ọmọ náà kà á sí Màmá létí pé wọ́n fẹ́ ta ilé ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ ti rí i. Ilé àti ilẹ̀, bí wọ́n bá ti bọ́ àmì wọn sílẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó ń kàwé sí ìyá àgbà létí nírọ̀lẹ́ kò ní àsìkò láti rò ó pé bóyá ilẹ̀ ni. Màmá kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti di aṣọ wọn sínú apẹ̀rẹ̀. Wọn kò gbé ìpè ọmọ wọn mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ kan ní Èkó fẹ́ ta ilé mọ́ ìyá rẹ̀ lórí. Ọmọ náà gbọ́ lọ́hùn-ún pé ìyá òun ń ba òun lórúkọ jẹ́, inú bí i, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́, èyí tí a kò ní kọ síbí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin ni Màmá gbé fóònù náà fún wa. "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ bá mi tún un kà. Bóyá ọmọdé yìí kò kà á dáadáa." A wo ojú ara wa. A ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n kí ẹ tó bínú." Wọ́n ní, "Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ bi wọ́n?" A fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ wọn, a bi í pé ilé ni àbí ilẹ̀. Ohùn tó padà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù: "Ilẹ̀ ni mo wí! Ilẹ̀! Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn!"

A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Màmá wò wá fún ìgbà díẹ̀. "Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ tí bàbá wọn sùn sí?"

Sàréè ọkọ wọn wà lábẹ́ igi ọsàn yẹn. A ti ń jókòó níbẹ̀ kàwé láti ọdún kan, a kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tún wá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìyàwó kejì ni Màmá. Ìyálé wọn ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìyálé wà ní Ìkàrẹ́, àgbà nínú wọn sì ni dáwódù, olórí ẹbí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Àwọn àti ọmọ Èkó kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òkú bàbá wọn. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ ohunkóhun fún wọn nípa ilẹ̀ yìí.

Ibí ni òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi owó ra ilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ọmọ kan lè dá tà. Ní 1959, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Ekpendu àti Erika, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà sọ ọ́ kedere: bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá sì tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Àwọn àgbà ẹbí wo? Wọ́n máa ń wò ó láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìdí-igi yìí ti dé Lọ́ńdọ̀nù rí, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ abúlé ni. Ọkùnrin kan ní Èkó, Suberu Dawodu, kú láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín ohun ìní rẹ̀ sí, ìdí-igi sí ìdí-igi, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, orí-ò-jorí? Wọ́n pe ẹjọ́ náà láti kóòtù dé kóòtù, ní 1962 àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tó ṣì múlẹ̀. Inú wa máa ń dùn láti ro bí àwọn òyìnbó onírun funfun yẹn ṣe máa pe "orí-ò-jorí."

Nítorí náà, àsansílẹ̀ tí oníbàárà san fún ọmọ Èkó, owó tó wà nínú ewu ni. Oníbàárà náà sì mọ̀.

Àlàájì la máa pè wọ́n níbí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń pè wọ́n. Ará Ìkàrẹ́ ni wọ́n, ìdí òwò igi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì kékeré kan sí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, a rò pé wọ́n máa gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n bi wá pé: "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìkàrẹ́, ta ló mọ ilé Tíṣà nínú yín?"

Àwa méjì tẹ̀ lé wọn lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àlàájì kò mẹ́nu ba ilẹ̀. Wọ́n kí Tíṣà, wọ́n béèrè àwọn tí wọ́n jọ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan nígbà kan, wọ́n sọ nípa òjò, a sì dìde. Inú ń bí wa lójú ọ̀nà, a rò pé a ti fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ kẹta ni Tíṣà fúnra wọn sọ pé, "Àlàájì, mo mọ ohun tó ń gbé yín wá. Ẹ sọ ọ́." Àlàájì ní, "Bàbá, mo ti san owó fún ẹni tí kò yẹ kí n kọ́kọ́ san án fún. Ẹ̀yin ni mo wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín kí n tó wá tọrọ ilẹ̀." Tíṣà dákẹ́ títí. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn bu omi wá.

A ti jíròrò gbólóhùn yẹn láàárín ara wa títí ó fi sú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Àlàájì kò purọ́. Wọn kò sì sọ pé ọmọ Èkó ló ṣi ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ìjà àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò á tún gbóná sí i, ilẹ̀ náà á sì wà níbẹ̀ di ọdún mẹ́wàá.

Ìpàdé ẹbí wáyé ní ọjọ́ Sátidé kan ní pálọ̀ ilé iwájú. Ọmọ Èkó wá. Tíṣà wá pẹ̀lú àbúrò wọn obìnrin. Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò fẹ́ wọlé. Wọ́n ní kí àwa máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, iṣẹ́ wa nìyẹn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sọ tiwọn, ohùn lọ sókè, ohùn lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ òkú bàbá wọn jáde, ta ló san owó màlúù, ta ni kò san. Àlàájì kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó tó wákàtí kan ààbọ̀ tí wọ́n fi jókòó bí ẹni pé kì í ṣe owó tiwọn ló há síbẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán, wọ́n dìde, wọ́n lọ bá Màmá ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi rìn dé ibi tí ẹ kò ní fẹ́ kí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ mi dé."

Màmá dìde. Gbogbo wa tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fi ọ̀pá wọn fa ilẹ̀: láti igi ọsàn dé ìdí kànga, láti ìdí kànga dé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí àpáta láti sá gbágùúdá. Àlàájì pe sọfíyọ̀ wọn, wọ́n ní kí ó wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, kí ó yọ ọ́ kúrò. Pèrègún àtijọ́ wà ní igun ọgbà náà tí bàbá olóògbé gbìn, ibẹ̀ ni sọfíyọ̀ ri bíkìn kan sí. Ilẹ̀ tó kù lé díẹ̀ ní pùlọ́ọ̀tì méjì. Àlàájì kò ní kí wọ́n dín owó kù.

Sọfíyọ̀ yẹn ọ̀dọ́ ni, ó ń kánjú, ó fẹ́ fi èdè irinṣẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé fún Màmá. Ọ̀kan nínú wa sọ fún un nígbà tí a ń bá a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ pé sọfíyọ̀ ni Herbert Macaulay náà. Lóòótọ́ ni. Plymouth ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, kó tó padà sí Èkó ní 1893. Ní 1920, òun ló bá Olóyè Olúwa ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn. Ní 1921 wọ́n dá Olóyè Olúwa láre, pé ilẹ̀ náà, ti àwọn tó ń gbé lórí rẹ̀ ni, ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bó ṣe tọ́. Ẹni tó mọ ìwọ̀n ilẹ̀ ló pọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì tún lè jókòó ti olóyè Yorùbá, kí ó gbọ́ tirẹ̀ yékéyéké kí ó sì gbé e dé iwájú adájọ́ òyìnbó, ìyẹn ni kò pọ̀. Sọfíyọ̀ wa rẹ́rìn-ín. Ó tún àlàyé rẹ̀ ṣe fún Màmá, ó fi òkúta mẹ́rin tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú wọn.

Ìwé àdéhùn ló wá gbà wá ní àkókò jù. Lọ́yà Àlàájì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé mẹ́fà. Òfin kan wà láti ayé àwọn amúnisìn tó ní bí ènìyàn bá kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kí ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí wọ́n sì ka ìwé náà fún onítọ̀hún kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé akọ̀wé kan á sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú méjì: "Màmá, wọ́n ní ẹ ta ilẹ̀, ẹ ti gba owó." Àlàájì ní àwọn kò fẹ́ ìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀dà Yorùbá wà, tó ní àmì lórí, tí Màmá á máa fi pamọ́ sọ́wọ́.

Iṣẹ́ yẹn fìyà jẹ wá, ó sì dùn mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ kan báyìí wà tí àwọn lọ́yà fẹ́ràn, gbólóhùn odidi la fi túmọ̀ rẹ̀: "láti ibí lọ, orúkọ tí a ó máa pè é nìyí." A gbà láti yọ ọ́ kúrò. "Ẹni tó ta" àti "ẹni tó rà" ti tó. Bí a bá kọ ilẹ̀, a fi àmì sí i. Bí a bá kọ ilé, a fi àmì sí i. A kà á jáde sókè lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbé e fún lọ́yà láti wò ó mọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí a ń kà á fún Màmá, a dé ibi tó sọ pé ẹni tó rà á ni ó ni "gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà." Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Kókò mi ńkọ́?" Kókò náà kò tíì tó wà. Gẹ̀ẹ́sì yẹn ì bá kọjá lórí wọn bí atẹ́gùn. Lọ́yà fi gbólóhùn kan kún un lójú ẹsẹ̀: Màmá ni yóò wa kókò wọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so, kí òṣìṣẹ́ tó wọ ilẹ̀. Ìdí-igi méjèèjì buwọ́ lù ú, Tíṣà ló kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Wọ́n ka owó níṣojú gbogbo wọn, wọ́n já rìsíìtì méjì. Ìwé yòókù wà níwájú ìjọba báyìí, nítorí Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà rẹ̀, ìyẹn sì ní ìrìn tirẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Àlàájì ní kí a máa wá ní ọjọ́ Sátidé, kí a máa bá wọn kọ àkọsílẹ̀. A rí apá kejì ọ̀gá níbẹ̀. Ẹ mọ bí èdè ṣe pọ̀ ní Àkókó. Nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a rí ará Àrígìdì, ará Auga, ará Ìkáràmù, a sì rí Ebira. Èdè ìyá oníkálùkù yàtọ̀; Arigidi, Ukaan àti Akpes kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ń gbọ́ Yorùbá. Àlàájì mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn ní mẹ́ta nínú èdè wọ̀nyí, wọn kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ iṣẹ́ òòjọ́ tán, wọn kì í béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n á nàka sí ẹnì kan: "Kí lo gbọ́ pé mo wí?" Ní ọjọ́ kan, bíríkìlà kan sọ ohun tí òun gbọ́, ìwọ̀n tó pè fún ìpìlẹ̀ kéré sí ohun tí Àlàájì sọ. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un sọ, wọ́n ní kí òun náà tún un sọ, wọ́n sì gbé okùn-ìwọ̀n fún un.

A bi wọ́n lẹ́yìn náà ìdí tí wọn kì í fi í pariwo mọ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n rán wa létí ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní 40, ẹni tó ń kọ́ ilé náà wà lára wọn. Àwọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ní, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn ti sọ fún ara àwọn pé bí lébìrà tó kéré jù bá rí i pé nǹkan kò dára, kí ẹnu rẹ̀ lè gbà á láti sọ ọ́. "Bí mo bá ń jágbe mọ́ wọn láàárọ̀, ta ni yóò wá sọ fún mi ní ọ̀sán pé ògiri ti là?"

A kò fẹ́ sọ Àlàájì di málàáíkà. Wọ́n máa ń ná owó títí ojú á fi ti ẹni tó ń tà, wọ́n sì ti jẹ wá ní owó Sátidé méjì títí di bí a ṣe ń kọ èyí. Ọmọ Èkó àti Tíṣà náà kò tíì di ọ̀rẹ́. Wọ́n ń kí ara wọn lórí fóònù, ó parí síbẹ̀.

Ilé ti dé ìdá òrùlé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àlàájì ní kí a bá àwọn kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi sí pátákó iwájú ọgbà, kí ó jẹ́ Yorùbá, kí ó ní àmì. A kọ ọ́, a gbé e lọ fún ọkùnrin tó ń kọ pátákó ní Ìkàrẹ́. Iye lẹ́tà ni ó fi ń gba owó. Ó wo ìwé wa, ó gbé jígí rẹ̀ wọ̀, ó tún wò ó. Ó ní àwọn àmì òkè àti ìsàlẹ̀ yìí, ṣé kí òun kà wọ́n mọ́ lẹ́tà tàbí kí òun gba owó wọn lọ́tọ̀? A ní ara lẹ́tà ni wọ́n. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì mìíràn ni òun máa fi ṣe é. A ṣì ń ná an.